Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ ọsàn létí adágún Jabi: ṣé ó sọnù ni, àbí ọ̀nà rẹ̀ ló gba ibẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja yíyan ni mò ń tà létí adágún Jabi, l'Abuja níhìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ńlá kan rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí ẹyẹ kan létí omi lẹ́yìn ìsọ̀ mi tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Kò ju àdàbà lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n etí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan funfun bí ẹni fi ẹfun tọ́ ọ. Àyà rẹ̀ dúdú, ikùn rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pọ́n bí ọsàn. Gbogbo ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó wà nílẹ̀ ló ń fi ẹnu ṣí wò. Òrùka irin wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, ike kékeré tí wọ́n kọ nǹkan sí sì wà lẹ́sẹ̀ òsì. Ará ìsọ̀ kejì ní ẹyẹ amí ni, pé kámẹ́rà ló wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn ní àmì aburú ni, kí a pa á. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń wá okùn tí wọn yóò fi dẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹyẹ wo lèyí? Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ṣé ó sọnù ni? Kí sì ni kí n ṣe fún un?

Ìyá Kẹ́mi, Jabi

Ìdáhùn

Ẹ kú ọjà, Ìyá Kẹ́mi, ẹ sì kú àkíyèsí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ì bá wo ẹyẹ yẹn kọjá láì mọ̀ pé ó yàtọ̀. Ẹ̀yin wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wo àyà, ẹ wo ẹsẹ̀, ẹ tún wo ohun tó ń ṣe, ohun tó ń ṣe yẹn ló sì là mí lójú jù. Àwọn ẹyẹ etí omi tó máa ń wà ní Jabi kì í ṣí nǹkan wò. Èyí tó máa ń ju ìdí sókè sílẹ̀ bó ṣe ń rìn, tí wọ́n ń pè ní Common Sandpiper, ojú ẹrẹ̀ àti orí òkúta ló ti ń ṣa kòkòrò jẹ. Èyí tó dúdú lórí, tó máa ń pariwo mọ́ ajá àti ènìyàn, á sáré díẹ̀, á dúró, á tẹ orí ba, á ṣa. Ẹyẹ tó ń ki ẹnu bọ abẹ́ nǹkan, tó ń ta á dànù kó lè rí ohun tó sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tún pọ́n bí ọsàn, ẹyọ kan ni mo mọ̀: Ruddy Turnstone.

Etí òkun ni a ti sábà máa ń rí i ní ilẹ̀ wa, lọ́nà Èkó àti àwọn ìlú etíkun yòókù, nígbà tí òtútù bá mú ní òkè àríwá ayé. Àgógó ẹnu rẹ̀ kúrú, ó le, ó sì gbé sókè díẹ̀ ní ṣóńṣó. Yóò ki í bọ abẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tàbí koríko òkun, yóò fi ọrùn gbé e dànù lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì gbá ohun tó bá wà níbẹ̀ mú kó tó sá: akàn kéékèèké, ìdin, kòkòrò. Ní Jabi kò sí koríko òkun, òkúta wẹ́wẹ́ náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ń bẹ. Abẹ́ ọ̀rá máa ń tutù, kòkòrò á sì kó síbẹ̀. Ẹyẹ tí kò rí píọ̀ wọ́tà rí láyé rẹ̀ ti mọ ohun tí yóò fi í ṣe. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rù pé ebi yóò pa á. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ tó ń jẹ òkú ẹran, búrẹ́dì, kódà wọ́n rí èyí tó ń jẹ ọṣẹ.

Etí ìyẹ́ tó funfun tí ẹ sọ yẹn tún sọ nǹkan mìíràn fún mi. Ọmọ ọdún yìí ni. Àgbàlagbà wọn kì í ní irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àsìkò yìí. Òkè àríwá ayé ni wọ́n ti ń pamọ: Greenland, àríwá Kánádà, Norway, Sweden, Finland, títí lọ dé Síbéríà ní Rọ́ṣíà. Àwọn tó ń wá lo ìgbà òtútù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀nà Finland àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká ni púpọ̀ nínú wọn ti ń bọ̀. Láti ibẹ̀ dé Abuja ju 5,000 kìlómítà lọ, aṣálẹ̀ Sàhárà sì dùbúlẹ̀ sáàárín. Ẹyẹ fúnra rẹ̀ kò wọ̀n ju bí 100 gíráàmù lọ.

Ẹ óò bi mí pé báwo ló ṣe ń ṣe é. Ọ̀rá ara ni. Kí irú àwọn ẹyẹ wọ̀nyí tó gbéra, wọn yóò jẹun bí ẹni tí kò ní jẹun mọ́, àwọn mìíràn nínú wọn á sì wúwo tó ìlọ́po méjì bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìrìn bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìfun àti iwe wọn á sún kì, kí ẹrù má baà pọ̀ jù lójú ọ̀run. Ní Oṣù Kẹwàá 2022, ọmọ ẹyẹ etí omi kan tí wọ́n ń pè ní Bar-tailed Godwit, tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, tí wọ́n so ẹ̀rọ atọ́ka-ibi mọ́ lára, fò láti Alaska dé Tasmania ní Ọsirélíà. Ìrìn náà gùn tó 13,560 kìlómítà, ọjọ́ 11 ló fi fò ó. Kò balẹ̀, kò jẹ, kò mu. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ ìyẹn kò ní sọ mọ́ pé Sàhárà ju agbára ẹyẹ kékeré lọ.

Ti mímọ ọ̀nà ló wá jẹ́ ìyanu lójú mi ju ti agbára lọ. Kò sẹ́ni tó mú ọmọ Turnstone lọ́wọ́. Ìyá ló ń kọ́kọ́ fi ilé sílẹ̀, bàbá á tẹ̀lé e, àwọn ọmọ á wá dá ìrìn tiwọn rìn lẹ́yìn. Ìhà tó yẹ kí wọ́n kọjú sí ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn láti inú ẹyin. Oòrùn, ìràwọ̀ àti agbára òòfà inú ilẹ̀ ayé ni wọ́n fi ń tọ́ ọ. Ibi tí ṣíṣìnà ti ń wá gan-an sì nìyẹn. Ní 1958, olùwádìí ọmọ Netherlands kan tó ń jẹ́ Perdeck tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ẹyẹ starling tó lé ní 11,000. Wọ́n mú wọn ní Netherlands bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ, wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú kó wọn lọ sí Switzerland, wọ́n tú wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbà mọ̀ pé wọ́n ti gbé àwọn kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n sì ṣẹ́rí padà sí ibi tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ kò mọ̀. Ìhà tí wọ́n kọjú sí kí wọ́n tó mú wọn náà ni wọ́n ń bá lọ, púpọ̀ nínú wọn sì já sí gúúsù Faransé àti Spain, níbi tí kò yẹ kí wọ́n dé.

Ẹ wá fi ìjì rọ́pò ọkọ̀ òfurufú. Atẹ́gùn gbé ọmọ ẹyẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lóru, òun kò mọ̀, ó ń fò bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe wí, ilẹ̀ mọ́ bá a ní ìlú tí ẹnì kan kò mọ irú rẹ̀. Báyìí ni àwọn ẹyẹ etí omi Amẹ́ríkà, bíi Pectoral Sandpiper, ṣe máa ń bọ́ sí Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọọdún lẹ́yìn ìjì Òkun Àtìláńtíìkì. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé láti ilé ni ìhà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ti yí padà. Ibi tó yẹ kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ni wọ́n ń kọjú sí.

Ṣé tiyín wá sọnù, ẹ ní kí n sọ? Èrò tèmi ni pé kò sọnù tó bí a ṣe rò. Láti Abuja sí etíkun Èkó ju 500 kìlómítà lọ, òótọ́ ni, Jabi kì í sì í ṣe ibi tí Turnstone máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹyẹ etíkun ló ń tọ etí òkun láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn kan máa ń gé ilẹ̀ kọjá láti Òkun Mẹditaréníà, wọ́n á gba orí Sàhárà, wọ́n á sì kọjá lókè orí wa lóru nígbà tí a bá ń sùn. Ẹ sọ pé òjò ńlá rọ̀ mọ́jú ọjọ́ tí ẹ rí i. Òjò àti ìkùukùu dídì máa ń mú ẹyẹ tó ń fò lóru balẹ̀ ní tipátipá, iná ìlú ńlá sì máa ń fà á mọ́ra. Mo gbà pé ó ń lọ sí etí òkun, òjò dá a dúró lójú ọ̀nà, ó rí omi, ó rí ẹrẹ̀, ó balẹ̀ kó lè jẹun. Bó bá ti sanra díẹ̀ sí i, yóò gbéra.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè fò kọjá níbí. Ìdí tí irú ẹyẹ yìí fi dà bí abàmì l'Abuja ni pé ẹni tó ń wò ò pọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí Turnstone kan bá balẹ̀ sí adágún ìlú tí kò lókun, kí ọ̀sán tó pọ́n ẹnì kan ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, a lè ti máa gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún ní dáàmù Usuma, ní Jabi, ní àwọn adágún ẹ̀bá ọ̀nà Kàdúná, kó máà sí ẹni tó mọ̀. Nítorí ìyẹn ni àwọn tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ẹyẹ A.P. Leventis ní Jos, lábẹ́ Yunifásítì Jos, ṣe dá sí iṣẹ́ àwòrán-ilẹ̀ ẹyẹ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Wọ́n pín gbogbo orílẹ̀-èdè sí igun kéékèèké tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi kìlómítà 9, ẹni tó bá wù ú sì lè fi fóònù kọ ẹyẹ tó bá rí nínú igun tirẹ̀. Ìsọ̀ ẹja yín wà nínú ọ̀kan nínú àwọn igun náà.

Òkè Ọya gan-an ni ilé àlejò fún àwọn ẹyẹ wọ̀nyí. Àwọn Yorùbá tó tẹ̀lé rélùwéè dé Nguru ní Yobe, àti àwọn ọmọ wọn tó ṣì ń ṣòwò níbẹ̀, mọ ohun tí mò ń sọ. Bí òjò bá ti dá, tí àgbàrá odò Hadejia bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, ẹyẹ á bo pápá omi láti Nguru dé Dagona: Ruff ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, Wood Sandpiper, Black-tailed Godwit, pẹ́pẹ́yẹ igbó láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Adágún Nguru wà lára ibi tí àdéhùn Ramsar lórí ilẹ̀ olómi mọ̀ sí ibi iyebíye fún gbogbo ayé, láti 2000. Ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ ti dín kù gan-an. Wọ́n parí dáàmù Tiga ní Kánò ní 1974, Challawa Gorge tẹ̀lé e ní 1992, àgbàrá tó ń dé ìsàlẹ̀ kò sì rí bíi ti àtijọ́ mọ́. Koríko gíga tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní kachalla wá bo ojú omi tó kù, ó dí àwọn apẹja lọ́nà, ó sì bo ẹrẹ̀ tí ẹyẹ ń ṣa jẹ mọ́lẹ̀. Lókè ibẹ̀, Adágún Chad tó fẹ̀ tó 25,000 kìlómítà níbùú lóròó ní àárín àwọn ọdún 1960 sún kì títí kò fi tó 2,000 ní àwọn ọdún 1980. Ẹyẹ tó bá dé tí kò bá ibùwọ̀ rẹ̀ mọ́ yóò wá omi mìíràn. N kò sọ pé ohun tó gbé tiyín dé Jabi nìyẹn, nítorí etí òkun ni Turnstone ń lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé adágún ìlú tí à ń sọ ọ̀rá sí yìí ti di ibi ìsinmi fún wọn, a sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Wọn kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní 2024, nínú ìwé tí ẹgbẹ́ àgbáyé IUCN fi ń ka ohun ẹlẹ́mìí tó wà nínú ewu, oríṣi ẹyẹ etí omi aṣíkiri 16 ni wọ́n gbé sókè sí ipò tó burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Turnstone wà lára wọn. Èyí tó dùn mí jù lọ ni ti Slender-billed Curlew, ẹyẹ ẹlẹ́nu gígùn tó máa ń ti Síbéríà wá sí àríwá Áfíríkà. Ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n rí i tí kò sí iyèméjì ni 1995, ní Merja Zerga ní Mòrókò. Wọ́n retí rẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n wá a kiri, wọn kò rí i mọ́, wọ́n sì ti kà á sí ẹyẹ tó ti parun báyìí. Ẹni tó wò ó kẹ́yìn kò mọ̀ pé òun ló kẹ́yìn.

Ó ku òrùka àti ike. Ẹ bá mi sọ fún ará ìsọ̀ kejì pé kì í ṣe kámẹ́rà. Nọ́ńbà ni wọ́n kọ sára irin náà, pẹ̀lú orúkọ tàbí àdírẹ́sì ibi tó ti wá. Lẹ́tà tó wà lára ike ni wọ́n ṣe kí ènìyàn lè kà á láti òkèèrè láì mú ẹyẹ. Olùwádìí ló mú un, tó wọ̀n ọ́n, tó fi òrùka sí i, tó sì tú u sílẹ̀. Ìfura yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 2013, ní Qena ní ilẹ̀ Íjíbítì, wọ́n ti ẹyẹ stork kan mọ́lé ní àgọ́ ọlọ́pàá nítorí ẹ̀rọ tó wà lára rẹ̀. Wọ́n rò pé amí ni, kó tó hàn pé àwọn olùwádìí ẹyẹ ló ni ín. Kí òrùka tó dé, ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù gbà pé abẹ́ ẹrẹ̀ ni àwọn ẹyẹ kan ń sùn sí nígbà òtútù. Ní 1822, stork kan padà dé abúlé kan nítòsí Klütz ní Jámánì pẹ̀lú ọ̀kọ̀ Áfíríkà tó gún un lọ́rùn já. Ẹyẹ náà, tòun tọ̀kọ̀, ṣì wà ní Yunifásítì Rostock títí dòní. Ọ̀kọ̀ yẹn ló jẹ́rìí ibi tí ẹyẹ ń lọ. Òrùka ń jẹ́ irú ẹ̀rí yẹn láì ṣe ẹyẹ léṣe.

Ti àmì aburú, mo fẹ́ kí ẹ fi ọ̀wọ̀ dá ẹni náà lóhùn, ṣùgbọ́n kí ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ yín. Bí wọ́n bá pa ẹyẹ náà, tí wọn kò pa á, nǹkan kan yóò ṣáà ṣẹlẹ̀ ní Jabi lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n á sì ní òun ló fà á; àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Lékeléke tí à ń bẹ̀ ní kékeré pé kó fún wa ní èékánná funfun, arìnrìn-àjò lòun náà. Alápàńdẹ̀dẹ̀ tó ń ti Yúróòpù bọ̀ lọ́dọọdún, a kò pè é ní àmì kankan.

Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ yẹn dẹ okùn fún un. Yàtọ̀ sí pé yóò ṣe é léṣe, ewu wà níbẹ̀ fún àwọn náà. Ìpínlẹ̀ Kàdúná ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn adìyẹ H5N1 ní gbogbo Áfíríkà, ní 2006, ẹyẹ omi sì wà lára àwọn tó lè gbé e. Ẹyẹ tó bá dá ṣáṣá kì í ṣe ìṣòro fún ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè. Èyí tó bá ń tá gìrì, tàbí tó bá kú, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ lásán kàn án, kí wọ́n má sì fà á lé ajá lọ́wọ́.

Ẹ má fún un ní búrẹ́dì, ẹ má da ìfun ẹja sí i nítòsí. Ajá á tẹ̀lé òórùn ẹja wá bá a. Ohun tó ṣe pàtàkì jù fún un ni kó ráyè jẹun láì jẹ́ pé ẹnì kan ń lé e kiri, torí gbogbo ìgbà tó bá fò nítorí ìbẹ̀rù ló ń jó ọ̀rá tó fẹ́ fi dé òkun. Bí ọmọdé bá fẹ́ wò ó, kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ níbi ìsọ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ọ̀rá.

Ẹ jẹ́ kí Kẹ́mi fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ láàárọ̀, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, kì í ṣe lẹ́yìn ẹyẹ. Kó yà á lọ́pọ̀ ìgbà láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì, torí nọ́ńbà òrùka yí irin po, fọ́tò kan kò lè gbé gbogbo rẹ̀. Kí ẹ kọ àwọ̀ ike náà sílẹ̀, lẹ́tà tàbí nọ́ńbà ara rẹ̀, ẹsẹ̀ tó wà, bóyá ó wà lókè tàbí nísàlẹ̀ oríkèé ẹsẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ rí i. Ojú ewé euring.org ni ẹ óò fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí. Wọn yóò darí rẹ̀ sí àwọn tó fi òrùka náà sí i, àwọn náà yóò sì sọ ibi àti ọjọ́ tí wọ́n mú un fún yín. Ẹ tún fi fọ́tò kan náà ránṣẹ́ sí àwọn ará Jos, kí ó lè wọ inú àkọsílẹ̀ Nàìjíríà, kí ẹ sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi. Bí ẹ kò bá tiẹ̀ rí nọ́ńbà kà, ẹ fi èyí tí ẹ bá rí yà ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i nìkan ti tó kọ sílẹ̀.